Oògùn Dókítà fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Sìgá Sílẹ̀: Ṣé Àìnígbàgbọ́ Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń sọ ní kọ̀rọ̀ nínú ìjọ, tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Ó kan àwọn ará wa tí ń mu sìgá, tí wọ́n ti gbàdúrà, tí wọ́n ti gbààwẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣe ìlérí fún Ọlọ́run àti fún aya wọn pé àwọn kò ní mu ún mọ́, síbẹ̀ tí sìgá kò tíì fi wọ́n sílẹ̀.

A mọ arákùnrin kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ìsìn àìsùn ọdún tuntun kan, ó ju páálí sìgá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì yin Olúwa lógo. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Orí ń fọ́ ọ, oorun kò kùn ún, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láìnídìí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti padà sí ìdí sìgá. Ohun tí ó dùn wá jù kì í ṣe pé ó padà sí i, bí kò ṣe pé fún oṣù mẹ́ta gbáko ni kò yọjú sí ilé ìsìn, nítorí pé ojú ń tì í. Nígbà tí ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ rí dókítà fún oògùn, ohun tí ó fi dá a lóhùn ni pé: "Bí mo bá lo oògùn, kí ni mo wá ń pè ní ìgbàgbọ́?" Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi ara balẹ̀ dáhùn.

Kí ni sìgá ń ṣe nínú ara?

Nínú ewé tábà ni èròjà kan wà tí a ń pè ní nicotine. Bí ènìyàn bá fa èéfín sìgá símú, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ni nicotine ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró dé ọpọlọ. Nínú ọpọlọ ni àwọn ibì kan wà tí a lè fi wé ihò kọ́kọ́rọ́. Nicotine a wọ inú wọn bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ ilẹ̀kùn, ọpọlọ a sì tú èròjà mìíràn tí ń jẹ́ dopamine jáde, èyí tí ń mú kí ara yá, tí ó sì ń mú kí ènìyàn rò pé ọkàn òun balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbádùn náà kì í pẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àwọn ihò kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí a máa pọ̀ sí i, wọn a sì máa béèrè ohun tí a ti fi kọ́ wọn. Bí wọn kò bá rí i gbà, inú bíbí, àìróorunsùn, àìbalẹ̀ ọkàn, ebi àpọ̀jù àti ìrẹ̀wẹ̀sì yóò bẹ̀rẹ̀. Wàhálà yìí máa ń le jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4.

Nítorí náà, arákùnrin wa kò parọ́ níwájú pẹpẹ. Òtítọ́ ni ìpinnu rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń béèrè ohun tí ó ti mọ́ ọn lára láti ọdún pípẹ́.

Ó yẹ kí a tún mọ ìyàtọ̀ kan. Nicotine ni ó ń de ènìyàn mọ́ sìgá, ṣùgbọ́n èéfín àti ọ̀dà inú rẹ̀ ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àrùn jẹjẹrẹ, àrùn ọkàn àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ń pa àwọn tí ń mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé tábà ń pa ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún. Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ìwádìí tí a ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú 100 ọkùnrin tí ó ti pé ọmọ ọdún 15, nǹkan bí 10 ni ó ń lo tábà, nígbà tí ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 100. Kò sí ìjọ ńlá kan tí a lè sọ pé irú wọn kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn oògùn tí ó wà

Oríṣi àkọ́kọ́ ni èyí tí ń fún ara ní nicotine díẹ̀ láìsí èéfín. Ṣíńgọ́ọ̀mù onínicotine gba ìyọ̀ǹda ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 1984; èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara bí plásítà tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọdún 1991. A óò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ara yóò fi gbàgbé rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, a lè ra àwọn wọ̀nyí láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà.

Oríṣi kejì ni bupropion. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn kíyè sí i pé ó ń dín ìfẹ́ sìgá kù lára àwọn tí ń lò ó. Ní ọdún 1997, àjọ FDA tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìdí yìí. Dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ènìyàn.

Oríṣi kẹta ni varenicline, tí òun náà jẹ́ oògùn tí dókítà ń kọ. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara igi kan ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ń so òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Inú èso rẹ̀ ni cytisine ti ń wá, èyí tí orílẹ̀-èdè Bulgaria ti sọ di oògùn fún àwọn tí ń mu sìgá láti ọdún 1964. Àwọn onímọ̀ tẹ̀lé ọ̀nà cytisine, wọ́n sì ṣe varenicline, tí àjọ FDA fọwọ́ sí ní ọdún 2006.

Báwo ni varenicline ti ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí àpèjúwe ihò kọ́kọ́rọ́. Varenicline dà bí kọ́kọ́rọ́ tí ó wọ inú ihò náà, ṣùgbọ́n tí kò yí dé òpin. Nítorí pé ó yí díẹ̀, ọpọlọ a rí ìwọ̀nba dopamine gbà, ìyánhànhàn a sì dínkù. Nítorí pé ó ti dí ihò, bí ènìyàn bá ṣe àṣìṣe mu sìgá, nicotine kò ní rí àyè wọlé dáadáa, adùn tí ó ń wá kò sì ní sí níbẹ̀.

Bí a ti ń lò ó

A kì í dúró di ọjọ́ tí a óò fi sìgá sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni náà àti dókítà rẹ̀ yóò mú ọjọ́ kan, yóò sì bẹ̀rẹ̀ varenicline ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí a ti sábà máa ń kọ ọ́ fún àgbàlagbà ni pé kí ó lo mílígíráàmù 0.5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 3 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, mílígíráàmù 0.5 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti ọjọ́ kẹrin dé ọjọ́ keje. Láti ọjọ́ kẹjọ, mílígíráàmù 1 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12. Dókítà nìkan ni ó lè yí i padà, pàápàá fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò le.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Kò sí oògùn tí kò ní ìnira tirẹ̀. Ohun tí àwọn tí ń lo varenicline máa ń sọ jù ni pé èébì ń gbé wọn, pé oorun kò tó, àti pé wọ́n ń lá àlá tí ó hàn kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ kíyè sí èyí. Bí ẹni tí ń lo oògùn yìí bá wá rò fún yín pé àlá ń yọ òun lẹ́nu, ẹ má ṣe yára sọ pé ọ̀tá ni ó ń bá a jà. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2009, àjọ FDA fi ìkìlọ̀ tí ó le sí ara varenicline àti bupropion, nítorí àwọn kan tí wọ́n ní ìrònú òdì bí ìfẹ́ láti pa ara ẹni nígbà tí wọ́n ń lò wọ́n. A wá ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ènìyàn tí ó lé ní 8,000, èyí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2016. Ìwádìí náà kò rí i pé oògùn méjèèjì fi kún irú ewu bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí ó ṣe pàtàkì, nítorí náà ni a ṣe yọ ìkìlọ̀ líle yẹn kúrò ní ọdún 2016 kan náà. Síbẹ̀, bí ìwà ẹni tí ń lò ó bá yí padà lójijì, kí ó dá oògùn náà dúró, kí ó sì tètè lọ rí dókítà.

Ẹni tí ó ní wárápá, tàbí tí gìrì ti gbé rí, kò gbọ́dọ̀ lo bupropion. Aboyún kò gbọ́dọ̀ dá lo èyíkéyìí nínú wọn láìgba ìmọ̀ràn dókítà. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, oògùn ikọ́ fée tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí pé bí a bá fi sìgá sílẹ̀, ìwọ̀n àwọn oògùn kan lè nílò àyípadà.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà ṣe kókó. Lẹ́yìn oúnjẹ ni a ń lo varenicline, pẹ̀lú ife omi kíkún, nítorí pé bí inú bá ṣófo, èébì yóò máa gbé ni. Ẹni tí ń lò ó kò gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí ààwẹ̀ ìjọ láìsọ fún dókítà. Kí àlùfáà yọ̀ǹda fún un, láìfi bẹ̀rù, kí ó gba ààwẹ̀ náà ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ má ṣe pín oògùn yìí fún ara yín. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn nínú ọkọ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ lọ sí ilé oògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀.

Ṣé àìnígbàgbọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè arákùnrin wa. Lúùkù tí ó kọ ìwé Ìhìnrere, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì fi oyè náà pè é pẹ̀lú ìfẹ́. Nígbà tí Hesekáyà ṣàìsàn, tí Olúwa sì ti ṣèlérí ìwòsàn fún un, wòlíì Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Ìlérí Ọlọ́run kò lé oògùn jáde, bẹ́ẹ̀ ni oògùn kò sọ ìlérí náà di asán. Kò sí ẹni tí ń bi ìyá àgbà tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà. Kí ni ìdí tí a ó fi bi ẹni tí nicotine dè?

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ oògùn di òrìṣà. Àkójọ ìwádìí tí a gbé jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó gbìyànjú láìlo oògùn kankan, nǹkan bí 6 ni ó ń bọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lo varenicline, nǹkan bí 14. Èyí ju ìlọ́po méjì lọ, síbẹ̀ àwọn tí kò bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó pọ̀ jù. Ìdí nìyí tí ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 fi sọ pé kí oògùn àti ìmọ̀ràn pẹ̀lú alátìlẹ́yìn máa rìn pọ̀. Níbi àtìlẹ́yìn yìí gan-an ni iṣẹ́ ìjọ wà.

Iṣẹ́ tí ó kù fún ìjọ

A bẹ ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ má ṣe pe ẹni tí ń jà láti bọ́ lọ́wọ́ sìgá síta lórí pẹpẹ. Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀ pé ọjọ́ wo ni ó mú. Ẹ yan ènìyàn méjì tí ó mọ ẹnu pa mọ́, tí ó lè pè lórí fóònù nígbà tí ìyánhànhàn bá dé, nítorí pé ìyánhànhàn kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣubú, ẹ má ṣe bá a wí bí ẹlẹ́ṣẹ̀ tuntun. Ẹ jọ mú ọjọ́ mìíràn.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tí ènìyàn bá ti mu sìgá ìkẹyìn, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ìwádìí tí Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi 50 ọdún ṣe lórí àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé ẹni tí ó fi sìgá sílẹ̀ ní ọmọ 50 ọdún lè jèrè nǹkan bí ọdún 6. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ní ọmọ 60 ọdún pàápàá lè jèrè nǹkan bí ọdún 3. Kò sí ẹni tí ó ti pẹ́ jù fún.

Arákùnrin wa lọ rí dókítà nígbẹ̀yìn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó pe ọ̀kan nínú àwọn tí ń tì í lẹ́yìn ní òru ọjọ́ náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti padà sí ìjókòó rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin báyìí. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ kò ju mẹ́rin lọ, ó sì sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ ẹ.

Kí Olúwa tú gbogbo ẹni tí a dè sílẹ̀, kí ó bùkún ọwọ́ àwọn oníṣègùn, kí ó sì fún ìjọ rẹ̀ ní ọkàn àánú. Àmín.