Iye: Ṣé A Bá A Láyé Ni, Àbí Àwa La Dá A?

Èjìgbò, ìlú Ògìyán, òrìṣà ajagun tí kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré, wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, a ó wọ̀n ọ́n dé Àbíjàn ní Ivory Coast, nítorí pé láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀nà náà, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, títí owó sẹ́fà fi di ohun tí kò ṣàjèjì ní ọjà Èjìgbò, tí èdè Faransé sì ń dún ní ìgboro bí ọmọ onílé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìṣirò ní í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù lọ, èyíinì ni pé kí ni ó wà ní tòótọ́, kí ni ó sì jẹ́ pé èrò ọkàn wa ló gbé e kalẹ̀, kò ní láti rìn jìnnà: kí ó tẹ́tí sí ọmọ Èjìgbò ará Àbíjàn tí ń ka owó. Bí ó bá fi Faransé kà á dé 70, ọgọ́ta tí a fi ẹ̀wá lé ni ẹnu rẹ̀ ń pè. Bí ó bá padà fi Yorùbá kà á, àádọ́rin ni, ọgọ́rin tí a yọ ẹ̀wá nínú rẹ̀. Ní 80, èdè méjèèjì ṣe kòńgẹ́, nítorí ogún mẹ́rin ni Faransé ń pè é, ogún mẹ́rin náà sì ni ọgọ́rin tiwa. Bí wọ́n bá dé 90, wọ́n tún yà: Faransé ń gòkè láti ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀wá lé ọgọ́rin, Yorùbá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó yọ ẹ̀wá nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, bébà owó tó wà nílẹ̀ kò lé ẹyọ kan, kò dín ẹyọ kan. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, n kò sì bá wọn jiyàn. Ìbéèrè tó kù ni ti ọjà náà fúnra rẹ̀: ṣé àwa tí ń rìn lọ síbẹ̀ la dá a sílẹ̀, àbí a bá a níbẹ̀ ni?

Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, ti dáhùn ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn pé iye wà lọ́tọ̀ gedegbe, kò gbára lé ojú tó rí i tàbí ẹnu tó kà á. Láti ìgbà náà ni àwọn mìíràn sì ti ń ta kò ó pé irinṣẹ́ tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. Ìjà náà ìbá mọ sí àárín àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ jẹun, bí kò bá ṣe pé ẹ̀kọ́ físíìsì dá sí i. Galileo kọ ọ́ ní 1623 pé èdè ìṣirò ni a fi kọ ìwé ìṣẹ̀dá, ẹni tí ó bá sì rò pé àsọdùn ni kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1846, nígbà tí Le Verrier, onímọ̀ ìràwọ̀, jókòó ní Paris pẹ̀lú kálàmù àti ìwé, tí ó ṣírò ibi tí plánẹ́ẹ̀tì kan tí ojú kò tíì rí gbọ́dọ̀ wà kí ó tó lè máa fa Uranus kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Johann Galle kọjú awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ síbẹ̀ ní Berlin, ó sì bá Neptune níbẹ̀. Dirac, onímọ̀ físíìsì, pẹ̀lú kọ ìlà ìṣirò kan nípa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní 1928 tí ó fi èsì méjì hàn níbi tí gbogbo ayé ti ń retí ọ̀kan. Ní 1932 ni Carl Anderson rí èkejì ní Amẹ́ríkà, ìbejì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí agbára iná rẹ̀ kọjú sí òdì. Nígbà tí Eugene Wigner, tí òun náà jẹ́ àgbà nínú físíìsì, ro gbogbo èyí pọ̀ ní 1960, ohun tí ó rí sọ kò ju pé iṣẹ́ ìyanu gbáà ni.

N kò fẹ́ràn ìfọ́nnu àwọn tí ń sọ pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà, nítorí ìfọ́nnu kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo: ojú mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kí ó dé. Ojú odù 16, àmúlù 240, gbogbo rẹ̀ 256. Kò sí àpérò àwọn awo, bó ti wù kí ọlá wọn pọ̀ tó, tí ó lè sọ 256 yìí di 255 níwọ̀n ìgbà tí ojú mẹ́jọ bá ṣì wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀. Àwọn baba wa ló yan ojú mẹ́jọ. Ohun tí ojú mẹ́jọ bí, wọn kò yàn án, wọ́n bá a pàdé ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹni tí ó tú ọ̀ràn yìí palẹ̀ jù ní àgbègbè wa ni Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Australia tí ó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ Awólọ́wọ̀ ní 1987. Ọ̀kan nínú wọn ní láti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé bí a ti ń wọn gígùn. Ìwé òyìnbó fẹ́ kí gígùn náà nà gbọọrọ lójú ọmọ kí ó tó di iye. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pín okùn àti páálí kékeré tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fún wọn. Ọmọ kan dúró, ẹnìkejì rẹ̀ na okùn láti gìgísẹ̀ rẹ̀ dé àtàrí, ó sàmì sí ibi tó parí sí, ó wé e mọ́ páálí, ó ka ìdì ẹlẹ́wàá-ẹlẹ́wàá, ó sì ka ìyókù lé e. Èsì wọn pé. Verran yọ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ìwé fi lélẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbà. Bí mo ti ń wò ó, ìdílé kan náà ni ìdì wọ̀nyẹn àti owó ẹyọ tí Adolphus Mann, míṣọ́nnárì, kọ nípa rẹ̀ ní 1887, tí àwọn akàwó ń fà márùn-ún márùn-ún láti inú òkìtì, tí wọ́n ń kó o jọ di ogún, tí ogún ń di igba. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Verran rò pé ayé iye méjì tó yàtọ̀ ni Yorùbá àti òyìnbó ń gbé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ Science and an African Logic, tí ó jáde ní 2001, ó kọ èrò yẹn sílẹ̀, ó ní inú ohun tí ọwọ́, ojú àti ẹnu jùmọ̀ ń ṣe ni iye ti ń jáde. Mo gbà fún un ní ti okùn àti páálí. Ní ti gíga ọmọ tó dúró, n kò gbà, nítorí okùn kọ́ ló fi í fún un.

Ibì kan ṣoṣo ló wà tí ẹsẹ̀ mi ti lè yẹ̀, ibẹ̀ ni àárín àwọn ohun tí ó kéré ju kéré lọ. Einstein dúró lé e pé ohun gbogbo ní ìwà tirẹ̀ kí a tó wọ̀n ọ́n. Bohr, àgbà nínú físíìsì bíi tirẹ̀, kò gbà. Ní 1964, John Bell sọ àríyànjiyàn wọn di ìṣirò tí a lè fi àdánwò mú, Aspect, Clauser àti Zeilinger sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022 fún àwọn àdánwò tó kan án. Èsì rẹ̀ ni pé a kò lè sọ mọ́ pé àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí ti gbé ìdáhùn wọn dání kí a tó bi wọ́n, àfi bí a bá gbà pé èyí ń ta èkejì lólobó ní iyára tó ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Èjìgbò àti ìletò rẹ̀ gbogbo, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún yunifásítì nìkan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá gíga náà ti wà kí okùn tó dé, kí ẹ sì fún wọn láyè láti bá ara wọn jiyàn. Kò ná yín ju okùn àti páálí lọ.