Eré Ọkọ̀ ní Fort Worth: Ta Ló Lè Borí, Èló sì ni Tẹ́tẹ́ Rẹ̀ Ń Náni?

Nígbàkígbà tí eré ọkọ̀ NASCAR bá ti ń bọ̀ ní Texas Motor Speedway ní Fort Worth, àwọn kan máa ń bi wá níbi tábìlì ìmọ̀ràn pé, "Ta ni ẹ rò pé ó máa gbà á?" Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, owó ló fẹ́ fi lé e, a ò ní díbọ́n bíi pé a ò mọ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: bí wọ́n ṣe ń wo eré yẹn, àwọn awakọ̀ tí orúkọ wọn máa ń wà lókè, iye tí iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń yọ lára owó yín, àti ohun tí òfin Texas, IRS àti ìmígíréṣọ̀n sọ sí i. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ká mi lára jù.

Kí a tó dé Fort Worth, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sí Fair Park, níbi tí a máa ń kó àwọn ọmọ lọ wo State Fair. Ní July 8, 1984, eré Formula One wáyé níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré, kò sì padà wá sí Dallas mọ́. Oòrùn ọjọ́ náà ju 100 Fahrenheit lọ. Eré mìíràn tí wọ́n ṣe ní Saturday ti ba ọ̀dà títì jẹ́, wọ́n sì fi òru tún un ṣe, àmọ́ ó tún ń hó kúrò bí ọkọ̀ ṣe ń gorí rẹ̀. Nigel Mansell ló wà ní ipò kìíní nígbà tí wọ́n gbéra. Ní àwọn ẹni ńlá, Niki Lauda àti Alain Prost ti McLaren wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì tó jẹ́ pé láàárín ara wọn ni wọ́n ti pín ipò kìíní àti ìkejì ọdún náà nígbẹ̀yìn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lauda kọlu ògiri. Prost náà kọlu ògiri. Ọkọ̀ Mansell kú nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tì í nínú oòrùn yẹn títí ó fi dákú sílẹ̀. Keke Rosberg, tó gbéra láti ipò kẹjọ, ló gbà á. Fìlà kan tí omi tútù ń gba inú rẹ̀ kọjá ló dé sábẹ́ akoto. René Arnoux, tí ọkọ̀ rẹ̀ kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tó sì lọ gbéra láti ẹ̀yìn pátápátá, ló ṣe ìkejì. Ọkọ̀ mẹ́jọ péré ni wọ́n rí kà nígbà tó parí. Ẹni tó bá ka gbogbo ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó fowó sílẹ̀, ibo ló máa ti rí Rosberg?

Ẹnì kan á ní ọjọ́ ti pẹ́, ọkọ̀ ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá sí Fort Worth.

Texas Motor Speedway ṣí ní 1997. Máìlì kan àti ààbọ̀ ni yípo kan. Ní 2017 wọ́n tún títì náà ṣe: wọ́n dín gígẹ̀ẹ́rẹ́ kọ́nà kìíní àti ìkejì kù láti 24 sí 20, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i, àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan ti ìkẹta àti ìkẹrin. Ìyẹn ni pé orí kan yàtọ̀ sí orí kejì. Mẹkáníìkì tó bá tún ọkọ̀ ṣe kó lè sáré dáadáa ní apá kan, apá kejì lè fi ìyà jẹ ẹ́. Látàrí èyí, ẹni tó yára jù kọ́ ló máa ń gba ibẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ wo àwọn tó gba ìdíje Cup tó ní máàkì níbẹ̀ láti 2021 dé 2025. Ní 2021, Kyle Larson. Òun ló wà níwájú fún yípo 256 nínú 334. Ọdún yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ lọ bí gbogbo ayé ṣe rò. Ní 2022, táyà ń bẹ́ lábẹ́ àwọn tó wà níwájú, wọ́n ń lọ sínú ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n na àsíá yẹ́lò, Tyler Reddick ló sì gbà á. Ní 2023, Bubba Wallace ṣáájú fún yípo 111, Larson náà ṣáájú dáadáa kó tó fọ́ ọkọ̀, síbẹ̀ William Byron ló kó ife lọ. Ní 2024, Chase Elliott, tí kò tíì gba nǹkan kan nínú ìdíje 42 tó ṣáájú. Ní 2025, Joey Logano, tó gbéra láti ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n! Ọdún márùn-ún, ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣé èyí túmọ̀ sí pé kò sí ohun tí èèyàn lè wò? Rárá o, ohun wà. Àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́. Hendrick ló ni Larson, Byron àti Elliott, mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn. Penske ló ni Logano àti Ryan Blaney, Joe Gibbs ló ni Denny Hamlin àti Christopher Bell. Hamlin fúnra rẹ̀ ti gba Texas ní ẹ̀ẹ̀mẹta, méjì nínú 2010 àti ọ̀kan ní 2019; Logano ti gbà á ní 2014 kó tó di ti 2025. Àárín àwọn wọ̀nyí àti Reddick ni ẹni tó bá ń sọ òótọ́ máa wò. Èkejì, tí wọ́n bá ń dánra wò kí ọjọ́ eré tó pé, ẹ má wo yípo kan ṣoṣo tó yára jù. Ẹ wo ẹni tó lè sá yípo mẹ́wàá tẹ̀ léra wọn tí eré rẹ̀ ò já wálẹ̀, torí táyà tó gbó ló ń ṣe ìdájọ́ ní Texas. Ẹ̀kẹta, àwọn tó ń pààrọ̀ táyà. Ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n bá fi ṣòfò lè mú ọkọ̀ padà sẹ́yìn ipò márùn-ún, láti kọjá níbẹ̀ sì le.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo sọ yìí, iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà mọ̀ ọ́n jù wá lọ, wọ́n sì ti gbé e sínú iye tí wọ́n kọ síwájú orúkọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìṣirò tí mo kọ́ ti wúlò.

Bí wọ́n bá kọ +450 síwájú awakọ̀ kan, ó túmọ̀ sí pé tí ẹ bá fi $100 lé e tó sì borí, ẹ máa jèrè $450, ẹ ó sì gba $100 yín padà. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe ti ọjọ́ kan pàtó o. Ọkọ̀ 36 ló fẹ́ sáré. Ẹnì kan wà ní +450, ẹni méjì ní +600, mẹ́ta ní +900, mẹ́rin ní +1400, àwọn 26 tó kù ní +10000. Ká ní ẹ fẹ́ rí i dájú pé $100 máa wọlé fún yín ẹni yòówù kó borí. Ẹ máa fi $18.18 lé ẹni àkọ́kọ́, $14.29 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì, $10 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta, $6.67 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́rin, àti sẹ́ńtì 99 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù. Tí ẹ bá ro ó pọ̀, ó lé ní $129. Ẹ san $129 kí ẹ lè gba $100.

Ẹ fi wé alájọ tí a mọ̀ nílé. Alájọ tó ń gba owó lójoojúmọ́, owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀, bíi dọ́là mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń kó ìyókù fún yín. Èyí ń mú ju méjìlélógún lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ni nínú wa tó máa gbé owó fún irú alájọ bẹ́ẹ̀?

Tẹ́tẹ́ awakọ̀ méjì, ìyẹn ta ló máa ṣáájú ẹnì kejì, rọ̀ díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ -110 síwájú àwọn méjèèjì: ẹ fi $110 sílẹ̀ láti jèrè $100. Tí ẹ bá ta á ní ìgbà ogún, tí ẹ jẹ mẹ́wàá, tí ẹ pàdánù mẹ́wàá, ẹ jèrè $1,000, ẹ pàdánù $1,100. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ti lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀mì lẹ ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ IRS ti wọlé nìyí. Owó tẹ́tẹ́ tí ẹ jẹ, owó tó wọlé ni lójú òfin, ìbáà jẹ́ tẹ́tẹ́ tó bófin mu tàbí èyí tí kò bófin mu, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù W-2G tàbí wọn ò fún yín. Òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní July 4, 2025 wá sọ pé láti ọdún owó orí 2026, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àdánù nìkan lèèyàn lè yọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju ohun tó jẹ lọ. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, ẹ máa yọ $990 nínú $1,000, IRS á sì ní ẹ jèrè $10, ẹ̀yin tí ẹ pàdánù $100! Ìyẹn gan-an fún ẹni tó ń to ìnáwó rẹ̀ sórí Schedule A ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń lo standard deduction, a ò lè yọ kọ́bọ̀ kan nínú àdánù yẹn. Gbogbo $1,000 náà ló máa wọ inú ìwé owó orí yín.

Ó wá ku òfin Texas. Ẹ máa ń rí ìpolówó tẹ́tẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì ń rò pé ó ti di ohun tí wọ́n gbà láyè. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni. Ní May 2023, ilé aṣòfin kékeré ní Austin fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn olùdìbò, ilé aṣòfin àgbà kò gbé e yẹ̀ wò. Ìjókòó 2025 náà parí láìsí àyípadà. Louisiana gbà á lórí fóònù láti January 2022, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gba ọ̀nà I-20 lọ sí Shreveport, bíi wákàtí mẹ́ta. Ẹ ṣírò epo mọ́ àdánù náà o. Ẹni tó jókòó sí Garland tó ní kí àbúrò òun ní Lagos bá òun ta á, òun gan-an kò kúrò ní Texas.

Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni òfin pe tẹ́tẹ́ títa, owó ìtanràn tí kò ju $500 lọ, kò sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ má tìtorí ìyẹn fojú kéré rẹ̀ tí ẹ kò bá tíì di ọmọ ìlú. Òfin ìmígíréṣọ̀n sọ pé ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi tẹ́tẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín àsìkò tí wọ́n ń yẹ ìwà rẹ̀ wò, tàbí tí ọ̀pọ̀ owó tó ń wọlé fún un jẹ́ ti tẹ́tẹ́ tí kò bófin mu, kò ní ìwà rere tí wọ́n ń béèrè fún ìwé ọmọ-ìlú. Ọdún márùn-ún ni àsìkò yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mẹ́ta fún àwọn tó gbà á nípasẹ̀ ọkọ tàbí aya. Fọ́ọ̀mù N-400 fúnra rẹ̀ máa ń béèrè bóyá ẹ ti ta tẹ́tẹ́ tí kò bófin mu rí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ purọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá já ìwé irú ẹ̀sùn yẹn fún yín, ẹ má kàn sáré lọ san owó náà kó lè tán. Owó tí ẹ san lè di ìdálẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n.

Ohun tí òfin Texas gbà láyè ni pé kí ọ̀rẹ́ jókòó nínú pálọ̀ ẹnì kan, kí ẹnikẹ́ni má yọ owó kankan lára rẹ̀, kí oríire gbogbo yín sì dọ́gba. Kí kálukú mú $5 wá, kí ẹ kọ orúkọ awakọ̀ sí bébà, kí ẹ ká a sínú abọ́, kí kálukú yọ tirẹ̀, kí ẹni tí awakọ̀ rẹ̀ bá ṣáájú kó gbogbo rẹ̀. Pálọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ilé oúnjẹ, kì í sì í ṣe kí onílé máa mú dọ́là kan kan nídìí ìjókòó. Ẹni tó bá mú Logano láti ipò kẹtàdínlọ́gbọ̀n ní 2025, ẹ̀rín ni ìbá rín.

Tí owó ilé tàbí owó ilé-ìwé ọmọ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ni 1-800-GAMBLER, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti gba W-2G tàbí lẹ́tà IRS lórí tẹ́tẹ́, kó mú un wá sí tábìlì ìmọ̀ràn wa pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí àdánù tó bá ní. Ẹ má jù wọ́n nù, kódà bí ojú bá ń tì yín láti fi hàn mí.