Trípólì: Ìlú Kan Tó Jogún Orúkọ Ìlú Mẹ́ta

Orúkọ Trípólì kì í ṣe àjèjì létí ọmọ Nàìjíríà. Nígbà púpọ̀ tí a bá gbọ́ ọ, ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba orí omi dé Ítálì ló ń bá a rìn: ọkọ̀ tó dojú dé lágbami, àwọn tó há sí àtìmọ́lé, àwọn tí bàálù kó padà wá sí Èkó. Òótọ́ ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n olú ìlú Líbíà yìí ti lé ní 2,500 ọdún, ọ̀nà tó so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ wa sì ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dá orúkọ Nàìjíríà sọ.

Àwọn Fòníṣíà, oníṣòwò orí omi tó ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Lẹ́bánọ́nì lónìí wá, ló tẹ ibẹ̀ dó. Oea ni àwọn ará Róòmù ń pè é. Kò dá wà létí òkun náà: Sabratha wà níwọ̀n 70 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Leptis Magna sì wà níwọ̀n 120 kìlómítà sí ìlà-oòrùn. Nínú èdè Gíríìkì, “Tripolis” túmọ̀ sí ìlú mẹ́ta, gbogbo agbègbè náà ni wọ́n sì fi ń pè. Leptis ló lókìkí jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Septimius Severus sí lọ́dún 145, ọmọ Áfíríkà tó gorí ìtẹ́ Róòmù lọ́dún 193, tó sì kọ́ ilé ràgàjì-ràgàjì sí ìlú abínibí rẹ̀. Nígbà tó yá, yanrìn dí èbúté Leptis, ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 365 ba Sabratha jẹ́, àwọn èèyàn sì fi ìlú méjèèjì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oea ló ṣẹ́kù, òun ló sì jogún orúkọ tó jẹ́ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tarabulus ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Nítorí pé Trípólì mìíràn wà ní Lẹ́bánọ́nì, wọ́n a máa fi “al-Gharb” kún un, ìyẹn Tarabulus ti ìwọ̀-oòrùn.

Ìtàn kan láti ayé Oea dùn ún gbọ́. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Apuleius ń lọ sí Alẹkisáńdíríà, ó ṣàìsàn lọ́nà, ó dúró sí Oea, ó sì fẹ́ opó olówó kan níbẹ̀, Pudentilla. Inú bí àwọn ẹbí ọkọ tó kú. Ní nǹkan bí ọdún 158 wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní Sabratha, wọ́n ní oògùn ló fi mú obìnrin náà. Àwíjàre tó kà níwájú adájọ́ ṣì wà nínú ìwé títí dòní, ìtàn ìyàwó, ogún àti ẹ̀sùn oògùn tí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá yóò tètè lóye.

Ibi tí ìlú náà wà ló ràn án lọ́wọ́. Àpáta kan yọ wọ inú òkun, ó sì ń gba ìgbì dúró kí ọkọ̀ lè rí ibi gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìlú ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jefara, lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òkè Nafusa, lẹ́yìn òkè sì ni Sàhárà. Kò sí odò kankan tó ń ṣàn yíká ọdún níbẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní gíbílì a máa ti aṣálẹ̀ wá, a sì máa ru eruku bo gbogbo ilé. Fún 90 ọdún, ayé gbà pé al-Aziziya, ní gúúsù Trípólì, ló gbóná jù láyé, nítorí ìwọ̀n ooru 58 (Celsius) tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1922. Lọ́dún 2012, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé fagi lé e. Wọ́n rí i pé ẹni tó ka ìwọ̀n náà ló ṣì í kà. Omi tí ará Trípólì ń mu báyìí, abẹ́ aṣálẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá: páìpù ńláńlá ló ń gbé e wá sí ìlú láti ọdún 1996.

Ìlú tó bá wà láàárín òkun àti aṣálẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń jẹun. Láyé àtijọ́, ọ̀wọ́ ràkúnmí máa ń kúrò ní Trípólì, wọ́n á gba Murzuq àti Bilma, wọ́n á dé Bọ̀rnó létí adágún Chad. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìbọn ń lọ. Eyín erin, awọ àti ìyẹ́ ògòǹgò ń bọ̀. Èèyàn náà ń bọ̀, wọ́n sì ń tà wọ́n. Ẹrú ni ọjà tó mówó wọlé jù lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀pọ̀ ló sì kú sínú yanrìn kí wọ́n tó rí òkun.

Ìdí nìyí tí ìjọba ńláńlá fi ń du ìlú náà. Àwọn Lárúbáwá gbà á ní ọ̀rúndún keje, Sípéènì gbà á lọ́dún 1510, àwọn Tọ́kì Ọ́tómánì lé àwọn ajagun ẹlẹ́sìn Kristi tí Sípéènì fi ìlú náà lé lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1551. Láti 1711 dé 1835, ìdílé Karamanli ló jọba. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá ní àlàáfíà gbọ́dọ̀ san owó fún wọn. Lọ́dún 1801, Yusuf Karamanli béèrè owó sí i lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Nígbà tí kò rí i gbà, ó ní kí wọ́n gé òpó àsíá Amẹ́ríkà tó wà ní Trípólì lulẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, Philadelphia, fẹnu sọlẹ̀ nítòsí èbúté lọ́dún 1803, wọ́n kó àwọn atukọ̀ tó lé ní 300 nígbèkùn. Ọdún 1805 ni ìjà parí, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà san 60,000 dọ́là.

Yusuf yìí kan náà ló fún Hugh Clapperton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ará Britain, láàyè láti gba ọ̀nà Bọ̀rnó lọ lọ́dún 1822. Clapperton dé Kánò, ó dé Sókótó lọ́dún 1824, ó sì padà gba Trípólì lọ sílé. Nígbà tó fẹ́ tún lọ sí Sókótó, etí òkun tiwa ló gbà. Ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, ó la ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin ní January 1826. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn òpìtàn ń lò láti mọ bí Ọ̀yọ́ ṣe rí kí ó tó tú.

Àwọn ará Ítálì gba Trípólì lọ́dún 1911. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún náà, Giulio Gavotti fi ọwọ́ ju bọ́ǹbù láti inú bàálù sílẹ̀ ní Ain Zara, nítòsí ìlú, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ogun. Britain lé wọn lọ́dún 1943, Líbíà gba òmìnira ní 1951, Gaddafi gbàjọba ní 1969, wọ́n sì lé e kúrò ní Trípólì ní August 2011. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ ológun oríṣiríṣi ni èbúté àti ojú ọ̀nà aṣálẹ̀ wà.

Nǹkan bíi 300 kìlómítà péré ni Trípólì sí Lampedusa ti Ítálì, iye yìí ló sì ń tan àwọn ọ̀dọ́ wa. Ní November 2017, ilé iṣẹ́ CNN fi fídíò hàn, níbi tí wọ́n ti ń ta àwọn arìnrìn-àjò adúláwọ̀ ní gbàǹjo ní Líbíà bí wọ́n ṣe ń ta èèyàn láyé ọ̀wọ́ ràkúnmí. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ sọ ìtàn ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wá bá wọn dúnàádúrà owó ọkọ̀ gba Agadez ní Nìjẹ̀r wọ aṣálẹ̀.