Nígbà tí mẹ́mọ́rì káàdì bá purọ́ fún kernel

Ní Ilora níbí, títí dé Fìdítì, mẹ́mọ́rì káàdì kì í jókòó sọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ gbé e fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà da orin àti fíìmù sí i, ẹ yá ọ̀rẹ́ yín, ọ̀rẹ́ náà tún yá àbúrò rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú fáìlì tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ewu lè wà kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan rárá. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Tí ẹ bá ki káàdì bọ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, kernel ló ń kà á, ìyẹn apá OS tó ń darí gbogbo èyí tó kù. Inú kernel ni kóòdù file system sábà máa ń wà: òun ló mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, bó ṣe tóbi tó, àti orúkọ tó ń jẹ́. Ibo ló ti rí gbogbo ìyẹn? Lára káàdì náà fúnra rẹ̀ ni. Tí káàdì bá wá purọ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo exFAT, tó sábà máa ń wà lórí káàdì tó bá ju 32GB lọ. Orúkọ fáìlì níbẹ̀ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 255 lọ, wọ́n sì gé e sí ègé-ègé, lẹ́tà 15 nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Ègé 17 nìyẹn, ó tán. Kernel á kó àwọn ègé náà jọ sínú àyè kan tó ti fi sílẹ̀ nínú RAM. Ní 2023, wọ́n rí i pé kóòdù exFAT inú Linux kì í wò ó bóyá àyè náà ti kún. Tí ẹnì kan bá dìídì ṣe káàdì tí ègé orúkọ rẹ̀ ju 17 lọ, kóòdù náà á máa kó o lọ ṣáá. CVE-2023-4273 ni wọ́n pe bug yẹn.

Ẹ fi wé ẹni tó ń da epo sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 láìwo ẹnu rẹ̀. Epo tó bá kún jáde ò ní pòórá, orí àpò gàrí aládùúgbò ló máa dà sí. Nínú kernel, àpò gàrí yẹn lè jẹ́ àdírẹ́sì iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ṣe tẹ̀lé e. Ẹni tó bá rí i yí padà lè di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ náà. Lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbé káàdì náà wọ inú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara wa la fi ń kì í bọ̀ ọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wá irú bug yìí? Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ ni fuzzing. Ẹ mú ẹ̀dà dísìkì tó dáa, ẹ ba ibì kan jẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ ní kí kernel ṣí i. Tí nǹkan kan ò bá ṣe é, ẹ ba ibòmíràn jẹ́, àìmọye ìgbà. Google ṣe syzkaller tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kàn ń bà á jẹ́ káàkiri, fíìmù inú rẹ̀ lẹ máa bàjẹ́, kì í ṣe àkọsílẹ̀ tí kernel gbára lé. Àwọn file system kan sì ní checksum, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan nǹkan. Tí kò bá ti bára mu, kernel á kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí JANUS, tí àwọn olùwádìí ní Georgia Tech gbé jáde ní 2019, fi ń yí àkọsílẹ̀ yẹn nìkan padà, tó sì ń tún checksum ṣe kí irọ́ náà lè wọlé.

Wàhálà kan ṣì kù. Epo lè dà sórí gàrí lónìí, kí aládùúgbò má mọ̀ títí di ọ̀túnla. KASAN, tó wọ inú Linux ní 2015, ló ń yanjú ìyẹn. Fún báìtì 8 kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́mọ́rì, ó ń fi báìtì 1 kọ èyí tí kóòdù lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kàn sílẹ̀, ó sì ń fi àyè tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dé sáàárín nǹkan kan àti èkejì. Bí kóòdù bá tẹ ibẹ̀ báyìí, KASAN á pariwo, á sì sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Àtúnṣe bug exFAT yẹn ò ju àyẹ̀wò kékeré kan lọ: tí orúkọ bá ti kọjá ààlà, dúró. Èdè C ò ní rán yín létí kí ẹ kọ ọ́. Rust ní tiẹ̀ máa ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn fúnra rẹ̀. Linux ti gbà á wọlé láti ẹ̀dà 6.1, ní December 2022, àmọ́ C ni wọ́n ṣì fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn file system rẹ̀.

Nítorí náà, tí fóònù yín bá ní update wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Tí fóònù náà bá ti dàgbà débi tí update ò wá mọ́, ẹ ṣọ́ra fún káàdì tí ẹ ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn kóòdù, ọ̀fẹ́ ni Linux, ọ̀fẹ́ ni syzkaller, QEMU tí ẹ máa fi ṣe kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà náà, ọ̀fẹ́ ni. Láptọ́ọ̀pù àti iná nìkan lẹ máa wá.