Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Mú Inter

Ilé géèmù kan wà nítòsí Pen Cinema ní Agége, níbi tí mo ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sán Sátidé ìgbà èwe mi. Tẹlifíṣàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì onípákó mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àwọn asọ̀rọ̀ inú géèmù. Òfin kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n tó ni ilé náà fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ MÚ INTER.

Ẹni tí kò bá gbá PES 5 rí lórí PlayStation 2 lè má mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 2005 ni ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Japan gbé géèmù náà jáde, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó kúrò nílẹ̀ ní àdúgbò wa. Nínú rẹ̀, Adriano ará Brazil ló wà níwájú fún Inter Milan. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ le débi pé bó bá gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ńṣe ni aṣọ́lé máa ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ti já òun sílẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Martins, ọmọ Èkó tiwa, tó gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Ebedei ní Ṣágámù kọjá sí ilẹ̀ Ítálì. Ẹni tó bá mú Inter kò nílò ọgbọ́n púpọ̀. Kó sáà ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn àwọn adènà, kó tẹ bọ́tìnì eré sísá mọ́lẹ̀, Martins yóò ti yọ sí aṣọ́lé.

Kì bá má burú bó bá jẹ́ eré lásán. Ní ilé géèmù, ẹni tó bá pàdánù ló ń san owó ẹni méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran àti Ọ̀gbà, tí wọ́n ń dúró de àkókò iṣẹ́ alẹ́. Mo rántí ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kì í mú ẹgbẹ́ mìíràn ju Arsenal lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan fi Inter nà án lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ló ń san, a kò sì mọ̀. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni Ẹ̀gbọ́n mú ṣọ́ọ̀kì. Èmi ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá náà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń ráhùn pé géèmù bọ́ọ̀lù kò jọ bọ́ọ̀lù gidi. Lójú tèmi, òdìkejì èyí gan-an ni ìṣòro Inter. Konami kò purọ́ mọ́ Martins: ẹni tó bá rí i lórí pápá mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Òótọ́ tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ló ba ìdọ́gba jẹ́. Lórí pápá gidi, eré sísá ní ohun tó ń ná ni. Èémí ń tán, oòrùn ń pa ni, adènà tó ti rí ọ lẹ́ẹ̀kan yóò fà sẹ́yìn dè ọ́, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì yí ètò padà. Ìṣẹ́jú 90 ni gbogbo èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Ní ilé géèmù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ni, nítorí pé àwọn mìíràn ń tò sẹ́yìn rẹ. Bí góólù yóò bá wọlé láàárín àkókò yẹn, àwọn tó ṣe géèmù ní láti mú kí àǹfààní góólù pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, eré sísá ló sì rọrùn jù láti fi ṣe é. Bí wọ́n bá jẹ́ kó rí bíi ti gidi pátápátá, ọ̀mì aláìsí góólù ni ìdajì wa yóò máa ta. Ta ni yóò sanwó ìyẹn?

Wọ́n ti gbìyànjú, kí n má parọ́. Nínú FIFA 23, tó jáde ní 2022, EA Sports pín bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń ki eré mọ́lẹ̀ sí oríṣi mẹ́ta, kí ẹni tó ga, tó sì lágbára, lè máa lé ẹni kúkúrú bá bí ọ̀nà bá jìn. Èrò tó dára ni. Kò pẹ́ tí Virgil van Dijk, adènà tó ga fíofío, fi di ẹni tí atamátàsé kò lè sá mọ́ lọ́wọ́, tí àwọn ènìyàn sì ń wá àwọn òmìrán kiri bí a ṣe ń wá Martins láyé ijọ́un. Wọ́n di ihò kan, eku gba ibòmíràn yọ.

Ẹni tó ń pàdánù kì í gbà pé ọwọ́ òun ló lọ́ra. Ní Agége, màgòmágó là ń pè é: pé géèmù fúnra rẹ̀ ti pinnu ẹni tí yóò borí. N kò fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí mo ti kà pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àwọn kan gbé EA lọ sílé ẹjọ́ ní California lórí ẹ̀sùn tó jọ ọ́, pé ilé-iṣẹ́ náà ń yí bí géèmù ṣe le tó padà lábẹ́lẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè máa náwó sí i. EA ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ẹnjinía rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì fa ọwọ́ ẹjọ́ náà sẹ́yìn ní 2021. Mo sọ ìtàn yìí fún Ẹ̀gbọ́n. Ó ní kí àwọn ará California wá gbá a lórí iná jẹnẹrétọ̀ ná.

Ohun tó ń dùn mí ju gbogbo èyí lọ kò jìnnà sí ilé géèmù náà. Ní Pápá Ìṣeré Agége ni MFM FC ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n ṣe ipò kejì nínú líìgì Nàìjíríà ní 2017, tí Stephen Odey sì gbá góólù 18 wọlé fún wọn. Nínú géèmù, kò ní máàkì kankan, nítorí pé líìgì wa kò sí níbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ló lọ sí FC Zürich, ó sì bọ́ sínú líìgì Switzerland, èyí tó wà nínú FIFA 18. Ẹsẹ̀ tó fi gbá bọ́ọ̀lù ní Agége náà ló gbé lọ.

Mo padà síbẹ̀ lóṣù tó kọjá. PlayStation 4 ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti kun ògiri. Wọ́n lẹ òfin tuntun mọ́ ọn: ẸNI TÓ BÁ MÚ MADRID, KÍ MBAPPÉ JÓKÒÓ. Mo mú Madrid, mo jẹ́ kí Mbappé jókòó. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ mú Arsenal, ó sì nà mí ní góólù mẹ́ta sí ọ̀kan. Mo san owó àwa méjèèjì. Ó bi mí bóyá kí a tún gbá òmíràn, pé ó ṣì ku wákàtí kan kí iṣẹ́ alẹ́ òun tó bẹ̀rẹ̀.