Alùpùpù oníná àti kẹ̀kẹ́ ẹrù



Tí ẹ bá wá sí Àjàṣẹ́ lónìí, ẹ ó rí alùpùpù tí kì í pariwo. Kì í rú èéfín, kì í mu epo. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń gbé e rìn.

Epo kpayo tó ń wá láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ alùpùpù wa ń mu. Ní ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń san lórí epo, owó kpayo sì fò sókè lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo sí ní Sèmè-Kraké, ó pa ju 30 ènìyàn lọ. Láti ìgbà náà, wọ́n máa ń bi mí ní kíláàsì pé: ṣé alùpùpù oníná lè fa ẹrù wa dé ọjà?

Ó lè fà á. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ mi. Gàrí ló ń gbé lọ sí ọjà Wàndó. Láti abúlé rẹ̀ dé ibẹ̀ jẹ́ 25 kìlómítà. Ẹni tó ta alùpùpù fún un ní yóò rin 70 kìlómítà kí iná tó tán. Ẹ̀gbọ́n ṣírò rẹ̀: àlọ 25, àbọ̀ 25, ó jẹ́ 50, 20 ṣì kù. Ó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn, ó di gàrí, ó lọ. Ó tajà. Nígbà tó ń bọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú, alùpùpù dúró. Ó tì í títí dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún, ó rò pé olè ti dá a lọ́nà.

Ẹni tó tà á kò kúkú parọ́. Ẹnì kan ṣoṣo lórí ọ̀nà tó tẹ́jú ló ń rin 70 yẹn. Ẹ mú gègé yín, ká jọ ṣírò ó.

Lára bátìrì, wọ́n kọ nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ní V lẹ́yìn. Kò sí V nínú lẹ́tà Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó gbọ́ Gùn mọ̀ ọ́n. Èkejì ní Ah lẹ́yìn. Ti ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ 72 V àti 40 Ah. 72 × 40 = 2880. Gbogbo iná tó wà nínú bátìrì nìyẹn, bí omi inú ìkòkò.

Tí ẹnì kan bá dá gùn ún, ẹ jẹ́ ká ní ó ń jẹ 40 ní kìlómítà kan. 2880 ÷ 40 = 72. Tó bá ń fa ẹrù tó wúwo lórí ilẹ̀ pupa, ó lè jẹ ìlọ́po méjì, ìyẹn 80. Àlọ: 25 × 80 = 2000. Ó ku 880. Àbọ̀, kẹ̀kẹ́ ti ṣófo: 880 ÷ 40 = 22. Ilé sì jìnnà tó 25! Lójú ọ̀nà ó tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kẹ̀kẹ́ òfìfo náà ń jẹ iná tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ń sáré tó. Ẹ pín kìlómítà tí wọ́n bá dá fún yín sí méjì. Tí ìdajì yẹn kò bá ká àlọ àti àbọ̀ yín, bátìrì náà kéré.

Oríṣi méjì ló wà. Ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ M Auto, tó di Spiro lẹ́yìn náà, kó èyí tí à ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ wá sí Benin. Tí iná bá tán, ẹ lọ sí ibùdó wọn, ẹ fi bátìrì náà sílẹ̀, ẹ gba èyí tó kún, ẹ sanwó. Ó dára fún àwọn zémìjàn inú ìlú. Tí kò bá sí ibùdó lọ́nà oko yín ńkọ́? Oríṣi kejì, bátìrì jẹ́ tiyín, ilé lẹ ti ń ṣáàjì rẹ̀. Bátìrì òjé rọ̀ lówó, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì máa ń tètè kú tí ẹ bá ń lò ó tán pátápátá. Èmi á ní kí ẹ fi owó kún un, kí ẹ ra ti lítíọ́mù. Ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nínú yàrá tí ọmọ ń sùn o. Tó bá wú tàbí tó bá wọ omi, ẹ má lò ó mọ́.

Ní ti kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn tó ń jó irin lè ṣe é fún yín. Ìdè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, nítòsí àárín táyà ẹ̀yìn, kì í ṣe lára ìjókòó. Ẹ fi ṣéènì kún un, bóyá ìdè lè já. Ẹ di ẹrù sórí táyà, kó fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú: nínú 100 kìlò, kí bíi 10 kìlò tẹ ìdè. Tó bá wúwo sẹ́yìn, á gbé ẹ̀yìn alùpùpù sókè, kẹ̀kẹ́ á sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Bíréèkì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Alùpùpù àti ẹni tó gùn ún ni wọ́n ṣe bíréèkì yẹn fún. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ní tirẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tó sọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí afárá orí ọ̀sà. 150 kìlò ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn yín, ó ń tì yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kí ẹ ti dín eré kù. Ẹ fi bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lójijì nígbà tí ẹ bá ń yà, torí kẹ̀kẹ́ á fẹ́ ṣíwájú yín, á gbé yín ṣubú. Tí ẹ bá ń yà, ẹ ya jìnnà sí igun, nítorí táyà kẹ̀kẹ́ máa ń gé ìyànà kúrú. Ọmọ tó dúró létí ọ̀nà ló máa gbá, kò sì gbọ́ ariwo kankan tẹ́lẹ̀. Ẹ máa fun fèrè.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé gàrí ẹnikẹ́ni. Ẹ di yanrìn sínú àpò, kó wúwo bí ẹrù yín. Ẹ ṣáàjì bátìrì kó kún, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà tó wà lójú alùpùpù sínú ìwé. Nígbà tí bátìrì bá dé ìdajì, ẹ tún un kọ. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n wa ṣe é lẹ́yìn tí ìyà ti jẹ ẹ́: 18 ló rí. Ó bá oníṣọ́ọ̀bù kan ní Wàndó ṣàdéhùn. Ibẹ̀ ló ti ń ṣáàjì bátìrì báyìí nígbà tó bá ń tajà, ó sì ń san owó iná fún un kó tó gbéra lọ sílé.