Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Láti Jí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ní ayé ìgbà náà, oníbodè ni oníṣòwò ń kọ́kọ́ bá kí ó tó wọ ìlú. Bí oníbodè kò bá sí ní ìdí iṣẹ́, ẹrù kò lè wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé ìlú ti tú. Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ní ètò ìdarí méjì ṣe rí gan-an nìyí, irú èyí tí Windows àti Ubuntu jọ ń gbé inú rẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà dá sílẹ̀, tí ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Láti ìgbà tí Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gba Windows 11 ní ìdí pàtàkì láti fi Ubuntu kún un.

Ní Ìkirè, tí kò jìnnà sí Àpòmù, ni ọgbà ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọmọnìyàn àti àṣà ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀, àpilẹ̀kọ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ lè wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Bí ó bá wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, tí kò kọ ohun mìíràn ju “grub rescue>” lọ, jìnnìjìnnì yóò mú un, yóò sì gbà kí wọ́n pa gbogbo ohun tí ó wà nínú dísìkì rẹ́, kí wọ́n gbé Windows tuntun sí i. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ náà ṣì wà níbi tí ó wà. Oníbodè ni ó sọnù.

Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, UEFI ni ó kọ́kọ́ jí. BIOS ni ti àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́. Òun ni yóò pe oníbodè. GRUB ni oníbodè tí Ubuntu mú wá. Yóò to orúkọ ètò méjèèjì kalẹ̀ kí ènìyàn yan èyí tí ó wù ú. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìrìn náà ti dúró.

Bí ó bá jẹ́ pé Windows ń ṣí tààrà láìbéèrè, ó ti gba ipò iwájú lọ́wọ́ GRUB. Kí ènìyàn tẹ F12 lórí Dell tàbí Lenovo, tàbí F9 lórí HP, kí ó yan “ubuntu”. Bí “grub rescue>” bá yọjú, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pa àyè Ubuntu rẹ́ láti inú Windows. Ojú ibẹ̀ náà ni yóò ti yan “Windows Boot Manager”. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ó fi fláàṣì tí Ubuntu wà nínú rẹ̀ ṣí kọ̀ǹpútà, kí ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde ná, kí ó tó tún ohunkóhun ṣe.

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, ọdún 2024, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ láti dí ihò ààbò kan nínú GRUB. Wọ́n ti ní kò ní kan kọ̀ǹpútà elétò méjì, ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n. Oníbodè Ubuntu kò yege àyẹ̀wò mọ́, “Something has gone seriously wrong” ni kọ̀ǹpútà sì ń kọ. Ọ̀rọ̀ náà bani lẹ́rù ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí àtúnṣe náà kò pa fáìlì ẹnikẹ́ni rẹ́. Àwọn tí wọ́n pa Secure Boot, ìyẹn ìṣọ́ tí ń yẹ oníbodè wò, fún ìgbà díẹ̀ rí Ubuntu wọ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí BitLocker bá ti ti dísìkì Windows pa, ẹni tí ó bá pa ìṣọ́ yìí lè bá ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ olónọ́ńbà 48 pàdé. Kí ó ti wá a sílẹ̀ ṣáájú.

Aago tí ó bá fi wákàtí kan rẹ̀yìn nínú Windows lẹ́yìn tí wọ́n lo Ubuntu kì í ṣe àmì àrùn. Aago Greenwich ni Ubuntu ń kọ sínú ẹ̀rọ, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀.